Nígbà Tí Pápá Bàálù Bá Ń Fẹjú: Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀ Láti Ìjọba Ìbílẹ̀ Uttlesford

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń da ajílẹ̀ sí gan-an ni. Bí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ kọ́ nǹkan ńlá sẹ́bàá oko wa, tàbí tí wọ́n fẹ́ fẹ èyí tó ti wà níbẹ̀ lójú, bí i pápá ọkọ̀ òfurufú, ibo ni ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wọ̀? Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ wa lè sọ pé àwọn kò fẹ́? Bí wọ́n bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà yóò múlẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Uttlesford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ títí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fi hàn sí gbangba.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Uttlesford rí, ẹ̀yin àgbà àárín wa kò ní gbàgbé Stansted. Pápá bàálù Stansted, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ni àwọn aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì ti já àpótí igi kan ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1984, tí wọ́n bá Alhaji Umaru Dikko nínú rẹ̀, ẹni tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà láyé ìjọba Shagari. Èkó ni wọ́n fẹ́ fi bàálù akẹ́rù gbé e wá. Wọ́n fẹ́ kí àpótí náà kọjá bí ẹrù aṣojú ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú, ṣùgbọ́n ìwé àti àmì tó yẹ kó wà lára irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò pé. Ibẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè ti rí àyè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sọ́kàn, a ó tún kàn án níwájú.

Uttlesford wà ní Essex, Stansted fúnra rẹ̀ sì tó bí 40 máìlì sí àárín gbùngbùn London. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ bí 91,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2021. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, àlìkámà àti ọkà báálì ni wọ́n ń gbìn jù. Orúkọ ìlú tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn wà, Saffron Walden, ti ara òdòdó saffron wá, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn tà láyé àtijọ́ fún aláró, alásè àti oníṣègùn. Nítorí náà, ẹlẹgbẹ́ yín ni àwọn ènìyàn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí.

Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni bàálù ti wọ ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lo Stansted fún bàálù ajubọ́ǹbù. Nígbà tí ogun parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ibi tí wọn yóò ṣe ní pápá kẹta fún London, ní àfikún sí Heathrow àti Gatwick. Ní ọdún 1967 wọ́n ní Stansted ni. Àwọn ará ibẹ̀ fárígá, ìjọba sì fà sẹ́yìn ní ọdún 1968, wọ́n yan ìgbìmọ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Láti ọdún 1981 sí 1983, wọ́n jókòó gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Ní ọdún 1985, ìjọba fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1991, wọ́n ṣí ilé èrò tuntun. Nígbà tó di ọdún 2008, wọ́n gbà wọ́n láyè láti máa kó èrò mílíọ̀nù 35 lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ Uttlesford ti kọ̀ ọ́ ní ọdún 2006. Ẹ ṣàkíyèsí pé díẹ̀díẹ̀ ni pápá náà ń fẹjú. Ẹni tó gbà kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kó mọ̀ pé wọn yóò tún bèèrè àyè fún ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí àríyànjiyàn tó mú wa sọ̀rọ̀ lónìí. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ tó ni pápá náà kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kúrò ní mílíọ̀nù 35, kí àwọn máa kó mílíọ̀nù 43. Wọn kò bèèrè ojú ọ̀nà tuntun tí bàálù yóò máa sá lé. Wọ́n ní iye ìgbà tí bàálù yóò gbéra tàbí balẹ̀ lọ́dún kò ní í kọjá 274,000 tí òfin ti fún àwọn tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jẹun níbẹ̀, tí kò sì sí ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo lágbègbè náà tó gba òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bàálù ayé òde òní kì í pariwo tó ti àtijọ́, àti pé àwọn kò gba oko ẹnikẹ́ni, nítorí inú ọgbà pápá náà ni iṣẹ́ tí àwọn fẹ́ ṣe wà.

Àwọn tó lòdì sí i náà kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní ariwo kì í jẹ́ kí àwọn sùn lóru, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Wọ́n ní èéfín yóò ba afẹ́fẹ́ jẹ́, pàápàá fún igbó àtayébáyé Hatfield Forest tó wà lẹ́bàá pápá náà. Wọ́n ní ọ̀nà abúlé kò lè gba ọkọ̀ tí yóò kún un, àti pé èéfín bàálù wà lára ohun tí ń da ojú ọjọ́ rú, èyí tí àgbẹ̀ ń rí lára òjò. Wọ́n tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó mú ọgbọ́n dání: ní ọdún 2018 náà, èrò tó gba Stansted kọjá kò ju bí mílíọ̀nù 28 lọ. Agbọ̀n tí ẹ ní kò tíì kún, kí ni ẹ fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ náà dìbò. Ìbò di ọgbọọgba, márùn-ún sí márùn-ún. Alága ló fi ìbò tirẹ̀ kún un, tó jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ ilé iṣẹ́ náà wọlé. Ìbò ẹnìkan ṣoṣo!

Inú àwọn ará ìlú kò dùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n lọ dìbò yan káńsẹ́lọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn dá sílẹ̀, Residents for Uttlesford, kó ìjókòó 26 nínú 39, wọ́n sì gba ìjọba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Conservative. Nítorí pé ìwé àṣẹ ìkẹyìn kò tíì jáde, àwọn káńsẹ́lọ̀ tuntun ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ pápá náà gbé yẹ̀ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó mọ òfin ilé kíkọ́ dunjú tún kọ̀wé pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ náà ní rárá, àwọn kò gbà. Wọ́n mẹ́nu ba ariwo, afẹ́fẹ́, ojú ọjọ́ tó ń yí padà, àti ọ̀nà àti àwọn ohun amáyédẹrùn tí kò tó.

Ìlú hó yèè. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Rárá o. Ilé iṣẹ́ náà gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sókè, bí òfin ilẹ̀ wọn ti fàyè gbà á. Láti oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà láre. Wọ́n gbà á láyè láti kó mílíọ̀nù 43. Èyí tó wá bani nínú jẹ́ jù ni pé wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ san owó tí ilé iṣẹ́ náà ná sórí ẹjọ́, nítorí pé wọ́n rí i pé ìgbìmọ̀ náà kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ mú wá ti àwọn ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ gíga kò dá wọn lóhùn. Owó orí àwọn tó ní àwọn kò fẹ́ ìfẹjú náà ni wọ́n sì ní láti fi san owó lọ́yà ẹni tó fẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i pé àdánù di méjì.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe gbọ́ èyí kí ẹ sọ pé, ẹ wò ó, kò wúlò kéèyàn bá aláńlá jà. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa kọ́ nìyẹn. Ní Stansted yìí kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ní ọdún 2003 pé àwọn fẹ́ kí wọ́n la ojú ọ̀nà bàálù kejì. Ìyẹn ì bá gba ilẹ̀ oko àti ilé onílé. Àwọn ará àdúgbò ti dá ẹgbẹ́ Stop Stansted Expansion sílẹ̀ láti ọdún 2002. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n wá àwọn onímọ̀ ariwo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n sì ń kọ ìwé sí gbogbo ibi tí ìwé gbọdọ̀ dé. Wọn kò sinmi. Ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé béèrè àṣẹ ní ọdún 2008. Láàárín ìgbà náà, iye èrò ń dín kù nítorí ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ìjọba tuntun dé, òun kò fẹ́ ojú ọ̀nà kejì náà, ilé iṣẹ́ sì fa ìwé rẹ̀ yọ. Ilẹ̀ oko wọ̀nyẹn bọ́ nínú ewu nígbà náà. Kì í ṣe agbára ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló ṣe é, àsìkò náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ti fi ọdún mẹ́jọ dúró gírígírí, àsìkò ì bá dé kó bá ojú ọ̀nà náà tí wọ́n ti là á.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀ láàárín ẹjọ́ méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí a ka mẹ́ta.

Èkíní, agbára ta ni? Ìjọba àpapọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ìlànà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2018 pé àwọn fẹ́ kí àwọn pápá bàálù lo ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn olùyẹ̀wò ka ìlànà yẹn sí púpọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tó fẹ́ sọ pé rárá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni tó ga jù ú lọ ti sọ, kó sì fi ẹ̀rí hàn ìdí tí ti àdúgbò tirẹ̀ fi yàtọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Èkejì ni ẹ̀rí. Bí àgbẹ̀ bá sọ pé ariwo pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dá ẹjọ́ yóò bèèrè pé: ó pọ̀ tó báwo, ní aago mélòó, ní abúlé wo, ta ló wọ̀n ọ́n? Ìbínú àwọn ará ìlú lè gbé káńsẹ́lọ̀ wọlé, kò lè gba ẹjọ́ fún un.

Ẹ̀kẹta ni àyípadà ọ̀rọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 2018, tó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ọdún 2020, ní láti fi hàn kedere ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Ìdìbò tó gbé ẹgbẹ́ tuntun wọlé kò tó. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Àwa pẹ̀lú ń rí i tí pápá bàálù ń dìde níbi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Òfin tiwa kò rí bí ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ ibi tí ó dúró.

Nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú wà lábẹ́ agbára ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, bí káńsẹ́lọ̀ kan bá ṣèlérí fún yín pé ìjọba ìbílẹ̀ nìkan yóò dá pápá bàálù dúró, ẹ rọra gbọ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Gómìnà lè gba ilẹ̀ fún ohun tí yóò ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kò gbọdọ̀ gbà á lábẹ́lẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wá, kí ó sì tẹ ẹni tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́. Kí katakata wọ oko láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsí ìwé, kò bófin mu.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Owó gbà-má-bínú tí òfin yìí là sílẹ̀ kì í ṣe owó ilẹ̀. Ó jẹ́ owó ohun tí ẹ ti ṣe sórí ilẹ̀: ilé, kànga, igi kòkó, ọ̀pẹ, obì, ọsàn, àti irè tó wà lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò ka iye tí irè oko tó. Bí iye náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìlò àti ìpín ilẹ̀ ni òfin ní kí ẹ gbé e lọ bá. Àmọ́ ohun kan wà tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ tí ẹ ń dáko sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, abala kẹfà òfin náà ní ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fún yín ní ilẹ̀ mìíràn láti máa dáko. Mélòó nínú wa ló ti bèèrè rẹ̀ rí?

Òfin kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni ti àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992. Pápá bàálù tí ojú ọ̀nà rẹ̀ bá tó mítà 2,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára iṣẹ́ tí òfin náà sọ pé dandan ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òfin náà sì fún ará ìlú láyè láti sọ èrò ọkàn wọn kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Àyè yẹn ni kí a má ṣe jẹ́ kó kọjá.

Nítorí náà, kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe, àní kí ọ̀rọ̀ kankan tó dé?

Ẹ ka igi yín. Kí olúkúlùkù kọ iye igi kòkó, ọ̀pẹ, ọsàn àti obì tó ní sínú ìwé, pẹ̀lú ọdún tí ó gbìn wọ́n. Ẹ ya fọ́tò wọn. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí wọn ilẹ̀ yín. Owó rẹ̀ lè wọ ẹnìkan lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ogún ènìyàn bá pa á pọ̀ nínú ẹgbẹ́, yóò fúyẹ́. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, tàbí tí ẹ jẹ́ alágbàro tàbí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n má baà san owó igi tí ẹ gbìn fún ẹlòmíràn.

Ẹ mọ káńsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ sì máa lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń jíròrò. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá fẹ́ wáyé, ẹ má ṣe rán ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ pariwo. Ẹ rán ènìyàn mẹ́ta tó mọ̀rọ̀ sọ, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́: iye oko tó kàn, iye ènìyàn tí ń jẹ nínú rẹ̀, iye irè tí ń tibẹ̀ dé ọjà. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù pé àwọn ti gbà á.

Bí ẹ bá sì rí i pé iṣẹ́ náà yóò ṣẹlẹ̀ lọ́nàkọnà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín di ti àdéhùn. Ọ̀nà tí yóò gbé irè dé ọjà, gọ́tà tí kò ní í da omi sínú oko, ilẹ̀ mìíràn, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yín, àkókò láti kórè kí katakata tó wọlé. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìlérí ẹnu lójú agbo kì í dúró lójú ẹjọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ìwé kò bá pé lára àpótí, aṣọ́bodè yóò já a. Bí ìwé kò bá pé lọ́wọ́ àgbẹ̀, tírélà yóò kọjá lórí oko rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í bi í pé kí ló sọnù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi.